Wọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹ fẹ́ sọ di ti àìsàn ọpọlọ: èwo la máa mú, èwo la máa fi sílẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété nílé lóko. Láàárín oṣù méjì yìí, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìkan nínú wọn, ìjọ wọn ló ní ilé ìwòsàn àtijọ́ kan níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí koríko ti bò, wọ́n fẹ́ tún un ṣe kó di ibi tí àwọn tí ọpọlọ wọn ò balẹ̀ á máa sùn sí gba ìtọ́jú. Ìbéèrè wọn ò yàtọ̀ síra: "Àǹtí, ṣé ká tún èyí ṣe àbí ká wó o ká kọ́ tuntun? Irú wíńdò wo la máa lò? Ṣé ká ki irin bọ̀ ọ́?" Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ tán lórí fóònù lọ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, mo ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ nínú irú ilé báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti wà nínú kọmítì tó tún ìkan ṣe láti páànù dé ilẹ̀, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Kẹ́ ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tẹ́ ẹ fẹ́. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú ọpọlọ Lantoro ní 1944 láti fi kó àwọn sójà tó ti ojú ogun dé tí orí wọn ò pé sí. Nígbà tó yá ni Aro bẹ̀rẹ̀, tí Dókítà Adeoye Lambo dé ní 1954 tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn kan náà ni méjèèjì jẹ́ lónìí o. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ nìyí: ṣé nọ́ọ̀sì á máa rí aláìsàn, ṣé aláìsàn náà á máa rí nọ́ọ̀sì, àbí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan la gbájú mọ́?

Títún àtijọ́ ṣe àbí kíkọ́ tuntun

Láti ìgbà tí Dókítà George Green ti dé ìlú wa ní 1907 tí iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ojú wa ti mọ irú ilé yìí: ògiri tó nípọn, òrùlé tó ga, fàràńdà tó yí ilé ká, wíńdò ní ọ̀tún àti òsì tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwà àtijọ́ lásán ni, àmọ́ fún àwọn aláìsàn tiwa, oògùn ni atẹ́gùn yẹn. Ìdí ni pé àwọn kan wà nínú oògùn ọpọlọ, pàápàá èyí tí à ń lò kí ara tó le gbandi lè rọ̀, tí kì í jẹ́ kí èèyàn làágùn dáadáa. Ẹni tí ò bá lè làágùn, tẹ́ ẹ wá gbé e sínú yàrá tí sílíǹgì ẹ̀ fẹ́ kan orí, nínú ooru oṣù kẹta, tí NEPA sì ti mú iná lọ látàárọ̀, ara ẹ̀ á gbóná débi tó lè gbẹ̀mí ẹ̀. Mo ti rí ilé tuntun tó rẹwà tó jẹ́ pé lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, abẹ́ igi ìta ni gbogbo aláìsàn àti nọ́ọ̀sì ń sá lọ.

Ilé tuntun náà ní tiẹ̀. Ẹ mọ ibi tí wáyà gbà, ẹ mọ ibi tí páìpù gbà, ẹ̀yin lẹ ya pláànù ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ilẹ̀kùn á fẹ̀ tó. Ti àtijọ́, àfi kẹ́ ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, wáyà lè ti gbẹ bí igi ìdáná, omi lè ti máa ń jò sínú ògiri láti ọdún gbọ́nhan. Owó tẹ́ ẹ bá ti kọ sílẹ̀ pé ẹ máa ná, ẹ ya nǹkan gidi sọ́tọ̀ lé e lórí.

Tèmi ni pé tí ògiri bá ṣì dúró ṣinṣin, ẹ tún un ṣe. Tí ilé bá ti sán láti ìpìlẹ̀ dé òkè, tí omi òjò ń dá dúró sí ìdí ẹ̀, tàbí tí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè rí ọ̀nà méjì tí èèyàn lè gbà jáde tí iná bá sọ, ẹ má fi owó ìjọ ṣòfò, ẹ kọ́ òmíì. Ẹ wá pe ẹnjiníà wá wo ògiri kẹ́ ẹ tó gbà á láàyè kí bíríkìlà lu ihò kankan. Àwọn ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, òun gan-an ló gbé òrùlé dúró, tẹ́ ẹ bá lu ilẹ̀kùn tuntun síbẹ̀ láìfi líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó ń gbé ògiri òkè ilẹ̀kùn dúró, sí i, gbogbo ẹ̀ lè wá sílẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fò, ìyẹn ásíbẹ́ẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ ilé yẹn, òun ló wà lókè, ó lè jẹ́ sílíǹgì, ó lè jẹ́ páànù. Ewu ẹ̀ ni eruku tó ń yọ tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ tàbí tí wọ́n ń fi hámà fọ́ ọ, eruku yẹn máa ń fa jẹjẹrẹ tó jẹ́ pé ó lè tó ogún ọdún sí i kó tó jáde lára ẹni tó fà á símú. Ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yọ ọ́ ní odidi, ẹ dì í sínú nylon, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì wọ ìbomú gidi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn náà, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n.

Ilé ilẹ̀ àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Tẹ́ ẹ bá ní méjèèjì nínú ọgbà kan náà, ilé ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú fún wọ́ọ̀dù. Kò sí àtẹ̀gùn tí ẹnì kan máa já bọ́ níbẹ̀, kò sí báńkóòní, ẹsẹ̀ á tètè kan ilẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan lẹ ní, ẹ má rò pé ó ti tán, torí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àǹfààní kan tí ilé ilẹ̀ ò ní: dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré, ni sílíǹgì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fa dẹ́kìn ya, kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀. Sílíǹgì PVC tí gbogbo ayé ń lò báyìí, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yọ wá tí wọ́n bá ti rí ẹnu ẹyọ kan mú, igi tó wà lókè ẹ̀ á sì hàn síta, mi ò ní gbà á nínú yàrá aláìsàn láéláé. Torí náà ẹ fi aláìsàn sí ìsàlẹ̀, kí ọ́fíìsì àti ibi ìkó fáìlì wà lókè. Ariwo ẹsẹ̀ nìkan ni wàhálà ẹ̀.

Wọ́ọ̀dù gbọọrọ àbí yàrá ẹnì kọ̀ọ̀kan

Wọ́ọ̀dù gbọọrọ àtijọ́ yẹn, tí bẹ́ẹ̀dì ogún tàbí ọgbọ̀n tò lápá méjèèjì, tẹ́ ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ ti rí gbogbo èèyàn. Ìyẹn dùn mọ́ nọ́ọ̀sì. Kò dùn mọ́ aláìsàn rárá. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó tún ń gbọ́ igbe èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lé e, báwo ló ṣe fẹ́ sùn, tí kò bá sì sùn báwo lara ẹ̀ ṣe fẹ́ yá? Yàrá ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dára jù fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Ulrich àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wo ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Gothenburg ní Sweden, èyí tí wọ́n kọ́ kí èèyàn má baà fún pọ̀, tó ní yàrá ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọgbà òdòdó àti ìmọ́lẹ̀, wọ́n rí i pé dídè tí wọ́n ń de aláìsàn mọ́lẹ̀ dín kù tó ìdajì sí ti ilé àtijọ́ tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ Sweden ní nọ́ọ̀sì. Tiwa ti japa. Tẹ́ ẹ bá gé wọ́ọ̀dù gbọọrọ sí yàrá mẹ́rìnlá, tó sì jẹ́ nọ́ọ̀sì méjì ló wà lálẹ́, ẹni tó wà ní yàrá kẹtàlá ti di ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ohun tí àwa ṣe, tí mo sì máa tún ṣe lọ́la, ni pé a fi ògiri tó mọ níwọ̀n àyà gé e sí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó, ẹni tó bá dìde, nọ́ọ̀sì ti rí i. A wá ṣe yàrá ẹnì kọ̀ọ̀kan mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí nọ́ọ̀sì ń jókòó fún àwọn tí ara wọn gbóná jù. Ti obìnrin àti ti ọkùnrin, ẹ má dà á pọ̀, kí ọ̀nà balùwẹ̀ wọn má sì pàdé.

Wíńdò

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa. Lúúfà ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ní ti atẹ́gùn kò sí èyí tó tó o, tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo ojú wíńdò ló ṣí. Àmọ́ ọ̀bẹ ni gbogbo gíláàsì yẹn, ọ̀bẹ mẹ́wàá mẹ́wàá lójú wíńdò kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, aago méjì òru ti ń lọ, mò ń gbé tọ́ọ̀ṣì kiri láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan, kò sùn, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò. Lúúfà mẹ́ta ló tò sórí fọ́mù níwájú ẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bò wọ́n létí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kó wọn lọ, ojú mi ń lọ síbẹ̀ jù." Mo kó o. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mò ń gbọ́ bí gíláàsì ṣe ń kan ara wọn títí mo fi dé ọ́fíìsì. Mo padà lọ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Lówùúrọ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé, lóṣù tó tẹ̀lé e mo tún un kọ, lúúfà yẹn wà níbẹ̀ títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọmọ yẹn ń bẹ láyé o, ara ẹ̀ yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ òun ló gba ara ẹ̀ là lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ò ràn án lọ́wọ́.

Èyí tí àwọn kọngílá máa gbé wá bá yín ni sláídì alumí. Ó rẹwà lójú. Ìdajì ẹ̀ nìkan ló ń ṣí, ẹ ti pàdánù ìdajì atẹ́gùn nìyẹn, ẹni tó bá sì lágbára lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ ni èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, kí wẹ́dà fi irin kékeré dá a dúró kó má ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn, àmọ́ ìlú òtútù ni tiwọn, torí náà kí tiwa má baà di ààrò, ẹ tún lu ojú atẹ́gùn sí òkè ògiri, níbi tọ́wọ́ ò lè tó, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin tó fún dí i.

Ní ti gíláàsì, ẹ wo mọ́tò. Ti iwájú mọ́tò, tí òkúta bá bà á ó máa sán ni, kò ní já bọ́, torí nǹkan bíi rọ́bà wà láàárín ìpele méjì. Ti ẹ̀gbẹ́ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Irú ti iwájú yẹn lẹ fẹ́. Ó wọ́n, mo mọ̀, tí owó ò bá ká a ẹ lò ó fún ibi tí ọwọ́ èèyàn lè dé, kẹ́ ẹ lo ti ẹ̀gbẹ́ fún èyí tó kù.

Irin wá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó pè mí ló fẹ́ bọ́gílárì. Mo mọ ìdí, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé aláìsàn á sá lọ. Ṣùgbọ́n irin tó dábùú wíńdò ni nǹkan àkọ́kọ́ tí aláìsàn máa rí tó bá la ojú, ibi tó ṣeé so nǹkan mọ́ sì ni. Dípò ẹ̀, ẹ lo fàràńdà yẹn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníhò, kí ihò ẹ̀ kéré, kọ́ ojú fàràńdà láti ilẹ̀ dé òkè. Atẹ́gùn ń wọlé, oòrùn ń wọlé, èèyàn lè jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án kó máa wo ìta, ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé ilé tó rẹwà ni. Ẹ fi ilẹ̀kùn méjì sí i, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí, kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo máa ṣí gbogbo wọn, kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ní tiẹ̀ lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó ní ọ́fíìsì, lọ́jọ́ tí iná bá sọ, èéfín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìṣó.

Ilẹ̀kùn àti balùwẹ̀

Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan ń wọlé wá tó jẹ́ pé èrò àtipa ara wọn ló gbé wọn dé. Ìtọ́jú á mú èrò yẹn kúrò, àmọ́ ilé gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ títí ìtọ́jú á fi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá yọrí síta tó sì lágbára ò fi gbọdọ̀ sí níbi tí èèyàn ti ń dá wà, ẹ má sì wo òkè nìkan, ẹ wo ìsàlẹ̀ náà. Balùwẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù, torí ibẹ̀ nìkan la kì í tẹ̀ lé èèyàn wọ̀.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú àbí èyí tó ń ṣí síta? Síta ni o. Tó bá ń ṣí sínú, aláìsàn lè ti bẹ́ẹ̀dì tì í lẹ́yìn, ẹ ò ní lè wọlé bá a. Dípò hínjì mẹ́ta tó dá dúró, ẹ lo hínjì gígùn tó lọ láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá kápẹ́ńtà tó ṣe tiwa kọ́kọ́ ní, "Mọ́mì, a ò ṣe irú ẹ̀ rí," mo mú bàbá lọ síwájú dùrù ilé ìjọsìn, mo ṣí ìdérí ẹ̀, mo ní ẹ wo hínjì yìí sà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Àwọn wẹ́dà ló bá a ṣe é, kò tiẹ̀ wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀, kí aláìsàn lè ti ara ẹ̀ mọ́ inú torí ìtìjú, àmọ́ kí nọ́ọ̀sì lè fi kọ́ìnì ṣí i láti ìta.

Sáwà àbí garawa? Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, garawa la fi ń wẹ̀, ẹ má na owó sáwà tí yóò yọrí lára ògiri tómi ò sì ní dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ yọ ọwọ́ wáyà garawa yẹn kúrò, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ rì í sínú ògiri kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Táǹkì omi ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà, ẹ kọ́ ògiri bò ó, torí ìdérí ẹ̀ wúwo, tí inú bá bí èèyàn ohun ìjà ni.

Fáànù ò gba àlàyé púpọ̀: ti òkè rárá, ti ara ògiri tó wà nínú kéèjì ni, ní gíga tọ́wọ́ ò tó. Ẹ yọ ìkọ́ fáànù àtijọ́ kúrò lókè, kẹ́ ẹ má kàn pẹ́ǹtì ẹ̀.

Yàrá àdádó àbí yàrá ìsinmi

Àwọn kan ṣì ń bi mí nípa yàrá tí wọ́n máa ti ẹni tó bá ń jà mọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin ayé òyìnbó tó ń pe aláìsàn wa ní wèrè, ó sì fi ààlà sí dídè àti ìtìmọ́lé, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbínú nọ́ọ̀sì mọ́. Yàrá tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ná owó lé ni yàrá kékeré tó dákẹ́, tó ní ìjókòó rírọ̀, wíńdò tó kọjú sí igi, ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ jà, ariwo ló fẹ́ sá fún. Àwa ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn aláìsàn fúnra wọn máa ń sọ pé "Àǹtí, ẹ jẹ́ n lọ jókòó síbẹ̀ ná."

Nọ́ọ̀sì àti ẹbí

Ibi tí nọ́ọ̀sì ń jókòó, àwọn kan máa ń fi gíláàsì àti irin yí i ká bíi ti báńkì. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tábìlì gbọọrọ tó ṣí sílẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù ló dára, kí yàrá oògùn tó ní kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, kí ọ̀nà méjì wà tí nọ́ọ̀sì lè gbà kúrò. Aláìsàn tó bá lè wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kó béèrè ọ̀rọ̀, kò ní máa gbá ilẹ̀kùn.

Ẹbí wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí pláànù òyìnbó kì í rántí. Ìyá aláìsàn máa wá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa wá, wọ́n máa gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, wọn ò sì ní lọ. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe ibi fún wọn, ilẹ̀ fàràńdà ni wọ́n máa tẹ́ ẹní sí, omi òjò á sì pa wọ́n. Lambo tiẹ̀ fi sínú ìtọ́jú ni, ẹbí gbọdọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ibi ìdáná, lápá òde ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀bẹ àti kẹrosíìnì wọn má wọlé.

Igi máńgòrò inú ọgbà, kọngílá máa ní ká gé e. Tí kò bá sún mọ́ fẹ́ǹsì débi téèyàn lè gùn ún fò, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kàn gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ní 1984, Ulrich yìí kan náà kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wíńdò wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn tó ń wo ògiri bíríkì lọ.

Pẹ́ǹtì, àwọ̀ tó bá wù yín, kó sáà ṣeé fọ̀, kẹ́ ẹ má ṣe é kí òrùlé tó parí.

Kí aláìsàn kankan tó wọlé, kí nọ́ọ̀sì méjì àti ẹnì kan nínú kọmítì sùn síbẹ̀ lóru kan. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa iná, ẹ ti ara yín mọ́ balùwẹ̀, ẹ wo gbogbo ibi tójú lè dé. Lóru tiwa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ obìnrin ni mo wà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo rí ìkọ́ irin kan tí wọ́n máa ń fi aṣọ kọ́, ó ti wà níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, gbogbo wa ti gba iwájú ẹ̀ kọjá fún oṣù mẹ́fà. A jí bàbá kápẹ́ńtà lórí fóònù ní aago márùn-ún àárọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, bàbá ti yọ ọ́.